Eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà láti 1852 títí di òní: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ṣé irú NUGA tiwa náà ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún?

Rárá o. NUGA dà bí ọdún: wọ́n á kó jọ sí yunifásítì kan, wọ́n á díje fún ọjọ́ mélòó kan, olúkúlùkù á sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, líìgì ni. Tẹlifíṣọ̀n ń gbé e, tíkẹ́ẹ̀tì ń tà, ó sì ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ títí dé òpin rẹ̀. Pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan nílùú Ann Arbor ń gba èèyàn tó lé ní 107,000. Pápá Moshood Abiola l'Ábújá, nǹkan bí 60,000 ló ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù nínú èyí tó tóbi jù yẹn.

Àjọ kan tó ń jẹ́ NCAA ló ń darí èyí tó pọ̀ jù: nǹkan bí 1,100 ilé ẹ̀kọ́, eléré tó lé ní 500,000. Láti 1973 ni wọ́n ti pín in sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní ni owó àti òkìkí wà. Ìpele kejì ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù, àmọ́ kì í pọ̀. Ìpele kẹta kì í fúnni ní sikọ́láṣíìpù eré rárá. Àjọ NAIA wà lọ́tọ̀ gedegbe, bẹ́ẹ̀ náà ni NJCAA, tó jẹ́ ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, òfin wọn náà sì lọ́tọ̀.

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ta ló sì kọ́kọ́ náwó sí i?

Ní 1852, Harvard àti Yale fi ọkọ̀ àjẹ̀ díje lórí adágún Winnipesaukee ní New Hampshire. Ilé iṣẹ́ rélùwéè ló gbé ìnáwó àwọn ọmọ náà, torí ó fẹ́ kí èrò wọ ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ wá wòran. Ẹ fi èyí sọ́kàn tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé òde òní ni owó wọ eré yunifásítì. Ọjọ́ kìíní ni owó ti wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó ń bọ́ sí ló ń yí padà.

Ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1869 ni Rutgers àti Princeton gbá ìdíje tí wọ́n kà sí fútíbọ́ọ̀lù yunifásítì àkọ́kọ́, ìyẹn bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé sáré lónìí. Èèyàn 25 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, Rutgers jẹ 6, Princeton jẹ 4. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lẹ ó pè é, torí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé bọ́ọ̀lù náà sáré.

Kí ló bí NCAA?

Ikú ni. Ní sáà 1905, ìwé ìròyìn ka èèyàn bíi 18 tí fútíbọ́ọ̀lù pa, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama sì wà nínú wọn. Àwọn eléré máa ń so ọwọ́ kọ́ra wọn, wọ́n á wá fi orí àti àyà ya lu ẹni tó dúró níwájú, láìsí akoto gidi lórí. Ààrẹ Theodore Roosevelt pe Harvard, Yale àti Princeton sí White House lóṣù kẹwàá ọdún náà pé kí wọ́n tún eré yìí ṣe. Lọ́dún 1906, ilé ẹ̀kọ́ 62 dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló gba orúkọ NCAA ní 1910.

Òfin tí wọ́n yí padà ní 1906 ló sọ eré náà di ohun tí à ń wò lónìí: wọ́n gba kí eléré ju bọ́ọ̀lù síwájú, wọ́n sì sọ iye tí ikọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, kí bọ́ọ̀lù má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, di yáàdì 10, dípò 5. Nígbà tí wọ́n lè jù ú, àwọn èèyàn tàn káàkiri pápá, wọn ò gún ara wọn mọ́ ojú kan mọ́.

Níbo ni òfin pé eléré yunifásítì ò gbọdọ̀ gbowó ti wá?

Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èrò náà ti wá, pé ọmọlúàbí kì í fi eré ṣiṣẹ́ jẹun. Àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó lábẹ́ tábìlì. Ní 1929, àjọ Carnegie gbé ìwádìí jáde lórí ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 100. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló ń fi owó tàbí iṣẹ́ orúkọ lásán fa eléré mọ́ra. Ní 1948, NCAA ṣe òfin líle kan láti dá a dúró. Nígbà tó di pé kí wọ́n lé ilé ẹ̀kọ́ méje tó rú u, ìbò kò tó, òfin náà sì kú ní 1951. Nígbà tó di 1956, wọ́n gbà láìjanpata pé kí ilé ẹ̀kọ́ máa fún eléré ní sikọ́láṣíìpù, ì báà jẹ́ olówó tàbí tálákà.

Ọ̀rọ̀ "student-athlete" tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lásán. Àwọn agbẹjọ́rò ló wúlò fún jù. Ray Dennison farapa lórí nígbà tó ń gbá fútíbọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì Fort Lewis A&M ní Colorado lọ́dún 1955, ó sì kú. Ìyàwó rẹ̀ béèrè owó gbà-má-bínú tí òfin là kalẹ̀ fún ìdílé òṣìṣẹ́ tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1957, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Colorado ní kò tọ́ sí i, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kì í ṣe ilé iṣẹ́ fútíbọ́ọ̀lù. Orúkọ yẹn ló gba àwọn yunifásítì lọ́wọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Walter Byers, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NCAA láti 1951 sí 1987, tó sì wà nídìí orúkọ náà, padà bẹnu àtẹ́ lu gbogbo ètò ọ̀hún lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Title IX, tí wọ́n bu ọwọ́ lù lọ́jọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1972, ló ṣí ilẹ̀kùn. Ohun tó sọ ni pé ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo du ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́. Kò tilẹ̀ dárúkọ eré ìdárayá. Nígbà yẹn, obìnrin tó ń díje ní yunifásítì kò tó 32,000. Wọ́n ti lé ní 200,000 báyìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé NCAA kọ́ ló kọ́kọ́ gbé eré obìnrin dúró. Àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ tiwọn, AIAW, sílẹ̀ ní 1971, wọ́n sì ń ṣètò ìdíje fúnra wọn. Ìgbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í rú yọ ni NCAA bẹ̀rẹ̀ ìdíje obìnrin, ní sáà 1981 sí 1982, AIAW sì kógbá sílé.

Ìgbà wo ni àwọn aláwọ̀ dúdú ráyè wọlé?

Ní ìhà Gúúsù, ó pẹ́. Lọ́dún 1963, ikọ̀ básíkẹ́tì Mississippi State ní láti yọ́ jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ wọn kí wọ́n tó lè bá Loyola ti Chicago díje, torí àwọn alágbára ìpínlẹ̀ náà kò fẹ́ kí wọ́n bá ikọ̀ tí dúdú wà nínú rẹ̀ gbá. Loyola nà wọ́n 61 sí 51, ó sì gba ife ẹ̀yẹ. Ní 1966, Texas Western nílùú El Paso fi dúdú márùn-ún bẹ̀rẹ̀ ìdíje àṣekágbá, ó sì na Kentucky, tí gbogbo ikọ̀ rẹ̀ jẹ́ funfun, 72 sí 65.

Ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí kàn wá. Ní Mississippi State yẹn náà ni Falilat Ogunkoya ti sáré nínú àwọn ọdún 1980. Texas Western ni wọ́n ń pè ní UTEP lónìí. Ibẹ̀ ni Olapade Adeniken ọmọ Òṣogbo àti Blessing Okagbare ti sáré. Ibẹ̀ ni Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti gba ife NCAA ní 2017 nínú 100 mítà tí wọ́n ń fo igi. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ló sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, tí kò tíì sí obìnrin kankan láyé tó sá a bẹ́ẹ̀ rí. Hakeem Olajuwon ní tirẹ̀ kúrò l'Ékòó lọ sí Yunifásítì Houston ní 1980, ó wà lára ikọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje básíkẹ́tì NCAA lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, 1982 sí 1984, kò gba ife náà lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tó wọ NBA ní 1984.

Ìgbà wo ni owó tẹlifíṣọ̀n wá di rẹpẹtẹ?

Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1984. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, NCAA ló ń pinnu ìdíje fútíbọ́ọ̀lù tí tẹlifíṣọ̀n lè gbé, torí ẹ̀rù ń bà á pé èèyàn ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ bí wọ́n bá lè jókòó sílé wò ó. Yunifásítì Oklahoma àti Georgia pè é lẹ́jọ́, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì dá wọn láre, adájọ́ méje sí méjì. Byron White wà lára àwọn méjì tí kò fara mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú fútíbọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Colorado. Ó kìlọ̀ pé wọ́n fẹ́ sọ eré di òwò pọ́ńbélé, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Látìgbà náà, ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan (conference, ìyẹn àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó para pọ̀ ṣe líìgì kan) ń ta eré tirẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n tó bá sanwó jù. Ti básíkẹ́tì ṣì wà lọ́wọ́ NCAA: ìdíje tó fi ikọ̀ 8 bẹ̀rẹ̀ ní 1939 di ti ikọ̀ 64 ní 1985, ó sì di 68 ní 2011. Àdéhùn ọdún 14 tí wọ́n ṣe ní 2010 lórí rẹ̀ nìkan jẹ́ bílíọ̀nù 10.8 dọ́là.

Kí ló dé tí àwọn ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fi túká, tí ilé ẹ̀kọ́ Los Angeles fi wà nínú líìgì kan náà pẹ̀lú ti New Jersey?

Owó tẹlifíṣọ̀n yẹn náà ni. Ní 2022, USC àti UCLA, ilé ẹ̀kọ́ Los Angeles méjì, kéde pé àwọn ń kúrò nínú ẹgbẹ́ Pac-12 lọ sí ẹgbẹ́ Big Ten. Nígbà tó fi máa di 2024, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ti fi Pac-12 sílẹ̀, ó ku méjì péré, Oregon State àti Washington State. Big Ten wá di 18, Rutgers ti 1869, tó wà ní New Jersey, sì ń bẹ nínú wọn. (Orúkọ ṣì ni Big Ten. Ẹnikẹ́ni ò dà á láàmú.)

Fútíbọ́ọ̀lù ń rìn bíi ìgbà mẹ́fà láàárín sáà, ọjọ́ Sátidé ló sì sábà máa ń jẹ́, kò ni í lára púpọ̀. Àwọn tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù tàbí sọ́fítìbọ́ọ̀lù ló ń jìyà rẹ̀, torí wọ́n ń díje láàárín ọ̀sẹ̀. Ọmọ á wọ ọkọ̀ òfuurufú la Amẹ́ríkà kọjá, á dé láàárọ̀, ìdánwò á sì ti ń dúró dè é. Bí ọmọ yín bá gba ìwé ìpè, ẹ wo ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìdíje ọdún tó kọjá kí ẹ tó bu ọwọ́ lù ú.

Báwo ni sísanwó fún eléré ṣe wá bófin mu?

Ilé ẹjọ́ ló gbọ̀n ọ́n túká, díẹ̀díẹ̀. Ed O'Bannon, tó gba ife básíkẹ́tì pẹ̀lú UCLA ní 1995, rí ara rẹ̀ nínú géèmù fídíò, ìrísí rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, wọn ò sì fún un ní kọ́bọ̀. Ó pẹjọ́ ní 2009, adájọ́ Claudia Wilken sì dá a láre ní 2014. California ṣòfin ní 2019 pé ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ dá eléré dúró láti fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pawó. Lóṣù kẹfà ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ Alston, adájọ́ mẹ́sàn-án sí òdo, pé NCAA kò lè fòfin de owó tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà ni NCAA jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ àti àwòrán, ohun tí gbogbo ayé ń pè ní NIL.

Èyí tó tóbi jù ni àdéhùn ìparí ẹjọ́ House (orúkọ eléré kan tó pe NCAA lẹ́jọ́), tí adájọ́ Wilken kan náà fọwọ́ sí lọ́jọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2025. Bílíọ̀nù 2.8 dọ́là ni NCAA yóò san láàárín ọdún mẹ́wàá fún àwọn tó ti ṣeré láti 2016. Láti oṣù keje 2025, ilé ẹ̀kọ́ tó bá wọnú àdéhùn náà lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Fútíbọ́ọ̀lù ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, básíkẹ́tì ọkùnrin tẹ̀ lé e. Bí eré sísá ni ọmọ yín ń ṣe, ẹ má fọkàn sí owó yìí.

Ọmọ mi wà lórí físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́. Ṣé ó lè gba owó NIL?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣìṣe nìyí. Òfin NCAA gbà á láyè, àmọ́ òfin físà kò yí padà. Ẹni tó wà lórí F-1 lè ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ń lọ. Kó máa ya fídíò ìpolówó, kó máa fọwọ́ sí àwòrán fún títà, iṣẹ́ ni wọ́n lè kà á sí, ó sì lè pa físà náà. Ní 2022, Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tó ń gbá básíkẹ́tì fún Kentucky, dúró títí ikọ̀ rẹ̀ fi lọ sí Bahamas kó tó ṣe ìpolówó tirẹ̀, torí pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́ nìyẹn.

Kí ọmọ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kó sì gba èsì ní kíkọ sílẹ̀. Kóòṣì kì í ṣe lọ́yà. Ẹni tó bá ní "gbogbo wọn ló ń gbà á" kọ́ ni wọn yóò dá padà sílé.

Wọ́n ní ọmọ mi ti gba sikọ́láṣíìpù. Ṣé kíkún ni?

Ẹnu dùn ún rò'fọ́. Ẹ béèrè ìwé. Tẹ́lẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìpele kìíní kò gbọdọ̀ ju sikọ́láṣíìpù 12.6 lọ fún eré sísá ọkùnrin, 18 fún obìnrin, wọ́n sì lè gé e wẹ́wẹ́ pín fún ọmọ 30 tàbí 40. Àdéhùn House pa òǹkà yẹn rẹ́ fún àwọn tó wọnú rẹ̀, ó fi iye eléré tí ikọ̀ lè ní rọ́pò: 45 fún eré sísá, 105 fún fútíbọ́ọ̀lù, 15 fún básíkẹ́tì. Ilé ẹ̀kọ́ *lè* fún gbogbo 45 ní owó kíkún. Kò sí òfin tó ní *dandan*. Ìhà kejì rẹ̀ ni pé ikọ̀ tó ní ọmọ 60 tẹ́lẹ̀ lè já 15 sílẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú dọ́là, ẹ fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Ká ní ìnáwó ọdún kan jẹ́ 50,000, tí wọ́n sì ní àwọn yóò san ìdá 60, ẹ̀yin ṣì ní láti wá 20,000 lọ́dọọdún. Owó yìí sì gbọ́dọ̀ hàn nínú àkáǹtì báǹkì yín kí wọ́n tó fún ọmọ ní ìwé I-20 tó fi ń wá físà. Nínú ìwé náà, ẹ wá nǹkan wọ̀nyí: iye ọdún tó wà fún, torí láti 1973 ni wọ́n ti sọ sikọ́láṣíìpù di ọlọ́dún kan tí wọ́n ń tún ṣe, títí wọ́n fi gba ti ọlọ́dún púpọ̀ padà ní 2012, bóyá oúnjẹ, ilé àti ìwé wà nínú rẹ̀, bóyá ó kan ìgbà ọlidé, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá ṣèṣe, àti ta ni yóò san ìnṣọ́ránsì ìlera. Kóòṣì lè fipò sílẹ̀ lọ́la. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ sílẹ̀ nìkan ló máa kù.

Kí ni ọmọ tó wà ní Nàìjíríà ní láti ní sílẹ̀?

Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NCAA Eligibility Center, ọ́fíìsì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ tóótun láti díje, fún ìpele kìíní àti kejì. Wọ́n ń ka iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ láti kíláàsì kẹsàn-án, ìyẹn JSS3, nítorí náà ẹ tọ́jú èsì ọdún kọ̀ọ̀kan láti ibẹ̀ dé SS3. WAEC nìkan kò tó. Iṣẹ́ 16 ni ìpele kìíní ń béèrè: Gẹ̀ẹ́sì ọdún 4, ìṣirò 3, sáyẹ́ǹsì 2, ọ̀kan sí i nínú mẹ́ta yìí, ẹ̀kọ́ àwùjọ 2, àti 4 mìíràn, pẹ̀lú máàkì 2.3 lórí òṣùwọ̀n 4. Láti 2023, NCAA kò béèrè ìdánwò SAT mọ́, àmọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀ lè béèrè.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù ni ìdúró. Bí ọmọ bá parí SS3, tó sì ń sá ìdíje kiri fún ọdún méjì kó tó lọ, ọdún kan péré ni wọ́n máa ń fojú fò nínú eré sísá, oṣù mẹ́fà nínú tẹ́nìsì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè pàdánù nínú sáà mẹ́rin tó ní láti fi díje. Ìkejì ni orúkọ àti ọjọ́ orí. Bí ti páṣípọ́ọ̀tù bá yàtọ̀ sí ti WAEC, tí méjèèjì tún yàtọ̀ sí èyí tí ẹgbẹ́ eré sísá kọ sílẹ̀, fáìlì yóò dúró sójú kan fún oṣù púpọ̀. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta ni ejẹ́ńtì tó ní kí ọmọ fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa mú ìdá kan nínú sikọ́láṣíìpù. Ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ sì yẹ òfin físà wò lọ́dọ̀ ẹ́ńbásì kí ẹ tó san owó kankan, torí ó ń yí padà ju òfin NCAA lọ.

Ṣé ọmọ lè kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan lọ sí òmíràn?

Tẹ́lẹ̀, nínú fútíbọ́ọ̀lù àti básíkẹ́tì, ẹni tó bá yí ilé ẹ̀kọ́ padà á jókòó fún odindi ọdún kan. Lóṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n ṣí ìwé orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, transfer portal, tí ọmọ lè wọ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ kóòṣì. Ní 2021, wọ́n gba kó yí padà lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Láti 2024, kò sí òǹkà mọ́, bí ìwé rẹ̀ bá ti dára. Ẹ ṣọ́ra: bí ọmọ bá ti wọlé síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó wà lè gba sikọ́láṣíìpù rẹ̀ padà lópin sáà, ọ̀pọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pè. Fún ọmọ orí F-1, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé I-20 rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tuntun kí físà má bàa dẹnukọlẹ̀.

Wákàtí mélòó ni wọ́n ń fi ṣe eré lọ́sẹ̀?

Òfin 1991 ní kò gbọdọ̀ ju 20 lọ, mẹ́rin lóòjọ́, kí ọjọ́ kan sì wà fún ìsinmi. Lórí ìwé nìyẹn. Ọjọ́ ìdíje, bó ti wù kó gùn tó, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ń kà á sí. Ìrìn àjò kò sí nínú rẹ̀, ìtọ́jú ara kò sí, ìdánrawò "àtinúwá" kò sí.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí irú géèmù tí O'Bannon torí ẹ̀ pẹjọ́?

Ilé iṣẹ́ EA, tó ń ṣe géèmù wọ̀nyí, dá ti fútíbọ́ọ̀lù dúró lẹ́yìn èyí tó gbé jáde ní 2013. Lóṣù keje ọdún 2024, ó gbé e padà. Lọ́tẹ̀ yìí, eléré kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kí wọ́n lo orúkọ òun gba 600 dọ́là, àti ẹ̀dà géèmù náà kan.